Agatha Kò Gbààwẹ̀

Orí ọ̀kadà ni Agatha kú sí. Nùrẹ́nì ló ń wa ọ̀kadà náà, Mumeenat ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, wọ́n fi Agatha sáàrin. Mumeenat fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra kó má baà ṣubú. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀gbàrá ti gé ọ̀nà sí méjì lẹ́yìn Iyansan, níbi tí gbogbo èrò ọ̀kadà ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ kọjá, Nùrẹ́nì ní kí àwọn méjèèjì rọra sọ̀. Mumeenat sọ̀. Agatha kò sọ̀. Ó ti kú.

Nọ́ọ̀sì ni Agatha. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé aláìsàn sọ́kọ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ọjọ́ tí àìsàn tirẹ̀ dé, ọ̀kadà ló rí gùn. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Iyansan, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà. Mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì tó ń ṣe àkóso ilé ìtọ́jú ọ̀hún. Ẹ má rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí o. Mo fẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde ni, nítorí wọ́n mọ ara wọn.

Ọdún kẹta sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Mo lọ kí àna mi lábúlé náà, mo sì fẹsẹ̀ gbá àdá tí ẹnì kan fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ Agatha. Yàrá ibẹ̀ kò ju yàrá ọmọ ilé ìwé lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ débi pé ojú tì mí láti kán ẹ̀jẹ̀ sí i. Lára ògiri ni mo ti rí àwòrán ọkùnrin dúdú kan tó wọ aṣọ funfun, tó fi aṣọ dúdú lé e, tó sì mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo bi í pé ta nìyẹn.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ ò mọ̀ ọ́n? Mátíìnì Mímọ́ ni. Ìlú Lima lọ́hùn-ún ni wọ́n bí i sí. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni ìyá ẹ̀. Nígbà tó wọ ilé àwọn arákùnrin ìjọ, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló tọrọ. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fárí fún wọn, ó ń tọ́jú aláìsàn. Alágbe kan tí egbò bò lára, bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀ ló gbé e sùn sí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìwọ náà fẹ́ di ẹni mímọ́ ni?”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ n fọ ẹsẹ̀ yín ná, Tíṣà. Ẹsẹ̀ yín ń rùn.”

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe aláṣehàn, kì í sì í ṣe ẹni tó ń dọ́gbọ́n ṣe bí ẹni pé òun kò fẹ́ràn ayé. Ó fẹ́ràn ẹja yíyan, ó fẹ́ràn àwàdà. Ṣùgbọ́n yúnífọ́ọ̀mù méjì ló ní, ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìtọ́jú ló ń gbé. Bí ìyá ọlọ́mọ bá bí tán tí kò sí ibi tí yóò sùn, yàrá yẹn náà ni wọ́n ń gbé e sí, Agatha á tẹ́ ẹní sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbá iwájú ilé ìtọ́jú dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní gbogbo òwúrọ̀. Bí àwọn obìnrin bá ti gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ yẹn, wọ́n á ní, “Anti ti jí.” Ẹni tó ní ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná á pọn ọmọ, ó di ọ̀dọ̀ Anti. Àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ń lọ síbẹ̀, àwọn Mùsùlùmí ń lọ, àwọn ìjọ aláṣọ funfun ń lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni rí pé ibo lo ti ń jọ́sìn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe. Oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, nígbà àjọ̀dún Mátíìnì Mímọ́, mo kọ̀wé nípa Agatha níbí yìí, nínú ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Mo pè é ní “Ẹni Mímọ́ Tó Wà Lẹ́yìn Iyansan”. Mo kọ nípa yúnífọ́ọ̀mù méjì, mo kọ nípa ìgbálẹ̀ àti ẹní. Mo kọ ọ́ pé obìnrin yìí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn pè mí láti Okitipupa, láti Àjàgbà, wọ́n ní omi bọ́ lójú àwọn. Fadá kà á lẹ́yìn Mísà. Inú mi dùn jọjọ, mo ń rìn kiri ìlú bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere.

Mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ni kò béèrè nǹkan kan. Akọ̀wé ni mí, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé kí n béèrè.

Nígbà tí mo ń kọ ìyẹn, ó ti tó oṣù kan tí oúnjẹ ti ń há a lọ́fun. Ó kọ́kọ́ rò pé ọ̀nà ọ̀fun tó wú ni, ó lo oògùn. Kò lọ. Ó ní kí òun máa fi omi ti òkèlè. Nígbà tó di ọdún tuntun, òkèlè kò ṣeé tì mọ́, ẹ̀kọ mímu ló kù. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ̀ pé nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ sí òun. Aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú, ó fi píìnì mú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ló kù yìí. Ẹ mọ̀ pé lọ́dún yìí, ọjọ́ kan náà ni ààwẹ̀ àwa Àgùdà àti ti àwọn Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́rú Eléérú la fi eérú síwájú orí, ọjọ́ yẹn náà ni Mumeenat jí jẹ sààrì. Àwọn aláṣọ funfun náà ní kò sí bí gbogbo ayé á ṣe máa gbààwẹ̀ kí àwọn máa jẹun, wọ́n kéde tiwọn. Gbogbo abúlé ló ń gbààwẹ̀. Ẹni tí kò jẹun láàrin àwọn tí kò jẹun, ta ló fẹ́ mọ̀?

Mumeenat ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe pupurú tà ní ẹ̀bá ọ̀nà, ilé rẹ̀ sì kọjú sí ilé ìtọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ṣínu tán, ó máa ń bu pupurú gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, á gbé e sọdá sọ́dọ̀ Agatha. Agatha á wo oúnjẹ náà, á ní, “Mi ò lè jẹun, Mumeenat.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. *Mi ò lè jẹun.* Kí la máa ń gbọ́ bí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù ààwẹ̀? A máa ń gbọ́ pé kò tíì tó àsìkò fún un, pé ẹ̀jẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ta ló máa rò pé ọ̀nà ọ̀fun ló dí? Mumeenat náà gbọ́ ohun tí gbogbo wa ìbá gbọ́. Ó dá a lóhùn bí ọmọlúàbí ṣe ń dáhùn: “Ọlọ́run á gbà á o, Anti.”

Ọlọ́run á gbà á! Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni. Ìyanuolúwa, ọ̀kan lára àwọn aláṣọ funfun, tó lóyún, tó máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dọ̀ rẹ̀, gbọ́ gbólóhùn yẹn, òun náà ní Ọlọ́run á gbà á. Èmi náà pàdé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kejì ààwẹ̀. Mo ní, “Agatha, o ti fọn o. Jẹun díẹ̀.” Ó ní, “Tíṣà, mi ò lè jẹun.” Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo ní Ọlọ́run á gbà á. Egungun ni mo fọwọ́ kàn, ẹ̀yin èèyàn mi. Egungun ni, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí ló dé tí kò la ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lójú? Mo ti bi ara mi títí. Mumeenat ní ó dà bíi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé. Ẹni tó yẹ kó sọ fún, ó ti sọ fún wọn. Ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, Mumeenat se ìrẹsì, ó wá ro pupurú sí i, nítorí ó mọ̀ pé Agatha kì í ṣeré pẹ̀lú pupurú. Ó ní, “Anti, tèmi ti parí. Mo mọ̀ pé tiyín ṣì ku díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, torí tèmi, ẹ fẹnu kan án.” Agatha bu òkèlè kékeré bíi ti ọmọ ọwọ́. Ó fi ọbẹ̀ sí i. Ó gbé e sẹ́nu. Ó ń wo Mumeenat, ó ń gbìyànjú, ojú rẹ̀ kún fún omi. Òkèlè náà padà wá, ẹ̀jẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni Mumeenat tó mọ̀. Ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Anti, ẹ ò gbààwẹ̀?”

Agatha mi orí. Ó ní, “Mo ti ń sọ fún ẹ, ọma mi.”

Ọma mi. Bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ẹni tó wù wá nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì wọ́n gbé e sórí ọ̀kadà. Ìyókù, mo ti sọ ọ́ fún yín.

Ọkọ̀ funfun kan wà ní ọ́fíìsì tí mo ń sọ yẹn. Ara rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìlera sí, gàdàgbà gadagba. Nùrẹ́nì ti pè wọ́n kó tó gbé ọ̀kadà jáde. Wọ́n ní ọ̀nà kò dára. Àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ funfun yẹn wá sí ìsìnkú Agatha? Ọ̀nà kan náà ló gbà! Ọ̀gá ọ́fíìsì náà àti ènìyàn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, aṣọ wọn kò sì rún. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ò tíì dára o. Òkú ni ọ̀nà náà dára fún.

Wọ́n ní kí ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tún fìlà ṣe. Ó ní Agatha kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. (Ọ̀rọ̀ ta nìyẹn? Ọ̀rọ̀ tèmi ni.) Ó ní ó fi ààwẹ̀ àti àdúrà sin ìlú, ó gbààwẹ̀ dójú ikú, bí Mátíìnì Mímọ́ tó fẹ́ràn. Ó ní ẹni mímọ́ kan ti kúrò láàrin wa. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dáhùn pé Àmín. Èmi náà ṣe Àmín.

Lẹ́yìn ni mo ti gbọ́ ohùn kan. Mumeenat ló dìde, pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò wọ rí. Ó ní, “Ẹ forí jì mí, Fadá. Ẹ forí jì mí, gbogbo ilé. Anti ò gbààwẹ̀.”

Ẹni tó ń tọ́jú ìjókòó sáré lọ bá a, ó fẹ́ fà á jókòó. Fadá ní kí ó fi í sílẹ̀.

“Anti ò gbààwẹ̀. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun ẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ fún mi, mo ní Ọlọ́run á gbà á. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́ fún un.” Ó wo ọ̀gá. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, sà, kò sọ ọ́ fún yín lẹ́nu. Ó kọ ọ́ fún yín ni.”

Ó jókòó. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mumeenat gbé ìwé kan fún mi, ìwé onílà tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kọ́ ìṣirò. Agatha máa ń kọ lẹ́tà rẹ̀ ní Yorùbá síbẹ̀ ná, kó tó dà á sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọ̀gá. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ti oṣù kẹwàá: “Ọ̀gá mi, mo kí yín. Oúnjẹ ti ń há mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ lọ sí ìlú ńlá, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán nọ́ọ̀sì kan wá dúró fún mi fún ọjọ́ méje.”

Ti oṣù kejìlá: “Bí ọjọ́ méje bá pọ̀ jù, sà, ọjọ́ mẹ́ta tó.”

Ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Ọjọ́rú Eléérú: “Ọjọ́ kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Mo lè ti ilẹ̀kùn kí n máa lọ, ṣùgbọ́n Ìyanuolúwa ti fẹ́ wọ oṣù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Mi ò fẹ́ kí ó dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kí ẹnì kan ṣáà wà nílẹ̀. Mi ò lè jẹun mọ́, sà.”

Ẹ gbọ́ o. Méje, mẹ́ta, ọ̀kan. Bí ara rẹ̀ ṣe ń jò ni ohun tó ń béèrè náà ń dínkù. Èmi tí mo kọ ọ́ fún ayé pé kò béèrè nǹkan kan!

Lẹ́tà kẹta yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ. Kò sọ èsì tí wọ́n fún un fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: “Wọ́n nàka sí ìwé Tíṣà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Wọ́n ní ẹni mímọ́ kì í gba ìsinmi.”

Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ìyìn mi ni wọ́n fi tì í sẹ́yìn. Wọ́n gé e kúrò nínú ìwé ìròyìn, wọ́n fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n sì fi dáhùn obìnrin tó ń kú lọ. Agatha, jọ̀ọ́, foríjì mí. Mo gba ìwé yẹn padà, gbogbo rẹ̀, láti orí àkọlé dé ìdí. Bí mo bá lè lọ fi èékánná ya á kúrò lára ògiri yẹn, mo ṣe tán.

Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú tèmi bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ fẹ́ràn Mátíìnì Mímọ́ báyìí, àbí? Ó dáa. Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tó ń kú lọ, àwọn arákùnrin rẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká, wọ́n ń kọrin ìgbàgbọ́ sí i létí? Òun ló yan ìgbálẹ̀, òun ló gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nítorí pé o jẹ́ ẹni mímọ́, má lọ rí oníṣègùn. Agatha yan yúnífọ́ọ̀mù méjì. Ta ló yan ọ̀fun dídí fún un? Ó yan láti sùn lórí ẹní. Ta ló yàn án fún un pé kó kú lórí ọ̀kadà? Ẹ má ṣe fi orúkọ ẹni mímọ́ bo ìwà ìkà yín mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni mímọ́ sinmi.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó mú mi mú bíírò lónìí. Wọ́n ti kun ògiri iwájú ilé ìtọ́jú náà ní funfun. Akunlé wọn sọ fún Nùrẹ́nì pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí Agatha bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, òun máa kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà ńlá: “Agatha, Ẹni Mímọ́ Tó Fi Ààwẹ̀ Sìn Wá.” Wọ́n rí ọ̀dà rà, wọ́n rí akunlé. Nọ́ọ̀sì ni wọn ò rí. Ilẹ̀kùn wà ní títì síbẹ̀, Ìyanuolúwa sì ti wọ oṣù rẹ̀. Mumeenat ló ń gbá iwájú ilé náà báyìí. Ó ní òun ti fẹ́ dáwọ́ dúró, torí àwọn obìnrin tó bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ á pọn ọmọ jáde, wọ́n á rìn dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó rántí.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà kìíní, ẹni tó ka ìkejì, ẹni tó nàka sí ògiri nígbà tí ìkẹta dé, kí wọ́n jáde. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ funfun yẹn, wọ́n ti mọ ọ̀nà. Kí wọ́n mú nọ́ọ̀sì dání. Kí wọ́n dúró níwájú ilé ìtọ́jú, lójú Mumeenat, kí wọ́n ka lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, kí wọ́n sì dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀dá ènìyàn ṣe ń dá ẹ̀dá ènìyàn lóhùn. Èmi náà á wà níbẹ̀, á kàn mí, màá dáhùn tèmi.

Lẹ́yìn náà, bí ọ̀dà bá ṣì kù tí ẹ fẹ́ kọ nǹkan sára ògiri, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má kọ tèmi. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ, ní lẹ́tà ńlá, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lè kà á, kó sì gbọ́ ọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí: MI Ò LÈ JẸUN.